Jẹjẹrẹ prostate ní UK: Kí ló dé tí àbá àyẹ̀wò tuntun fi mú àwọn tó ní BRCA, tó sì fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀?

Ní ọjọ́ 28 oṣù November 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba UK nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ìlera, ìyẹn UK National Screening Committee, gbé àbá kan jáde lórí jẹjẹrẹ prostate. Wọ́n ní kí ìjọba máa ké sí àwọn ọkùnrin tí jíìnì BRCA wọn ní àléébù wá fún àyẹ̀wò ní ọdún méjì-méjì, láti ẹni ọdún 45 títí dé 61. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe é fún gbogbo ọkùnrin. Wọ́n tún ní àwọn ò tíì lè dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni àìsàn náà ń mú jù.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dá awuyewuye sílẹ̀. Ẹni kan á ní ìjọba ti fòfin de àyẹ̀wò fún aláwọ̀ dúdú. Ẹlòmíì á ní wọ́n ti fi hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ò wúlò mọ́. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, àmọ́ a rí ìdí tí èèyàn fi lè ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀: jíìnì tí èèyàn gbé wáyé, àti purotéènì tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

## Ta ni ìgbìmọ̀ yìí? Ṣé ọ̀rọ̀ wọn labẹ gé?

Rárá. Onímọ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti gba àwọn mínísítà ìlera England, Scotland, Wales àti Northern Ireland nímọ̀ràn. Àwọn mínísítà ló ń pinnu. Ohun tó jáde ní November jẹ́ àbá tí wọ́n gbé síta kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn fún ọ̀sẹ̀ 12. Wes Streeting, tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà tí àbá náà jáde, sọ pé òun máa yẹ ẹ̀rí inú rẹ̀ wò fínnífínní kí ìpinnu tó wáyé.

Irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń sọ níbí tún ṣe pàtàkì. Èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí èèyàn nílé pé kó wá ṣe ni, láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn obìnrin lórí jẹjẹrẹ ọmú. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ béèrè PSA lọ́wọ́ dókítà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ò yí padà.

## Kí gan-an ni PSA ń wò?

Prostate jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ibẹ̀ ni apá kan nínú omi tó ń gbé àtọ̀ jáde ti ń wá. Lára ohun tó ń ṣe ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní PSA, tí kì í jẹ́ kí àtọ̀ dì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì ń wọ̀n. Bí nǹkan bá ń da prostate láàmú, èyí tó ń jò á pọ̀ sí i.

Ohun tó ń dà á láàmú yẹn ni wọn ò lè tètè mọ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ pé prostate kàn ń tóbi bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn bàbá. Ó lè jẹ́ kòkòrò tó wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Kódà, kéèyàn gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà jíjìn tàbí kó ní ìbálòpọ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò lè gbé e sókè. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba UK, fúnra rẹ̀ ń sọ fún àwọn tó bá wá béèrè pé nínú ọkùnrin mẹ́rin tí PSA wọn ga, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò ní jẹjẹrẹ. Nínú méje tí tiwọn ò sì ga, ẹnì kan lè ní in.

Ní 1986 tí àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí PSA, àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ni wọ́n fi ń ṣọ́, bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ fún wọn tàbí kò ṣiṣẹ́. Ó di 1994 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún wíwá àìsàn náà lára ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá ó ní in. Ká sọ òdodo, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àríyànjiyàn òde òní ti ṣẹ̀.

Jíìnì pàápàá wà nídìí PSA. Àwọn kan wà tí tiwọn ga láìsí àìsàn kankan, nítorí bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tó wo ọkùnrin tó lé ní 95,000, rí ibi 128 nínú DNA tó ń gbé PSA sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní bí dókítà bá yọ ipa àjogúnbá yìí kúrò nínú iye tó jáde, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ní gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran lára prostate wò lásán. Ará Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n wò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a máa tún bá a pàdé.

## Ṣebí jẹjẹrẹ ọmú ni BRCA?

Òun náà ni. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, àmọ́ ọkùnrin náà ní jíìnì méjèèjì, BRCA1 àti BRCA2. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún DNA ṣe nígbà tó bá já. Ẹni tó bá jogún èyí tó ní àléébù látọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, àtúnṣe yẹn kì í lọ dáadáa lára rẹ̀, àṣìṣe á sì máa gbára jọ nínú sẹ́ẹ̀lì. BRCA2 ló burú jù fún ọkùnrin: jẹjẹrẹ prostate tó bá bá a rìn sábà máa ń tètè dé, ó sì máa ń le.

Genotype ni àyẹ̀wò jíìnì tí a mọ̀ jù nílé, tí pásítọ̀ ń béèrè kó tó so tọkọtaya pọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS, SS ni, kò sí bóyá níbẹ̀. BRCA ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé e lè darúgbó láì rí jẹjẹrẹ kankan, ẹni tí kò sì gbé e lè ní in. Ewu ló ń sọ fúnni.

Ìgbìmọ̀ mú àwọn wọ̀nyí nítorí pé wọn ò pọ̀ (wọn ò tó ẹnì kan nínú 100 ọkùnrin), ewu wọn ga, àìsàn tí wọ́n sì ń rí lára wọn kì í sábà jẹ́ irú èyí tó ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó lè ké sí ẹnì kan, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé òun gbé jíìnì yìí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò mọ̀. Ẹni tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé jíìnì òyìnbó nìyẹn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, wọ́n yẹ DNA àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà wò. Nǹkan bí 11 nínú 100 ló ní àléébù nínú BRCA1 tàbí BRCA2. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti Yunifásítì Chicago wà lára àwọn tó ṣe é. Ìdílé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọkùnrin nínú, bó ti wù kó rí.

## Bí àyẹ̀wò bá lè tètè rí jẹjẹrẹ, kí ló burú níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate ni kò ní pa ẹni tó ní in. Ó ń rọra dàgbà débi pé nǹkan míì ni yóò gbẹ̀mí onítọ̀hún. PSA ò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín èyí tó máa jà àti èyí tó máa jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ fún bàbá ẹni ọdún 58 pé jẹjẹrẹ wà lára ẹ̀, ṣé á lè sùn? Ọ̀pọ̀ á ní kí wọ́n yọ ọ́ kíá. Iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán lè mú kí èèyàn má lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ó sì lè gba agbára ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí ProtecT ní UK pín ọkùnrin 1,643 tó ní jẹjẹrẹ tí kò tíì kúrò nínú prostate sí ọ̀nà mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán, àti kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15, nǹkan bí 97 nínú 100 ni àìsàn náà kò pa, láìka ọ̀nà tí wọ́n gbà sí.

Ìwádìí ńlá méjì ló kù tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Ọ̀kan ni CAP, tó kan ọkùnrin tó lé ní 400,000 ní England àti Wales. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ké sí àwọn kan wá ṣe PSA. Lẹ́yìn ọdún 15, jẹjẹrẹ prostate ti pa ìdá 0.69 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n ké sí, ìdá 0.78 sì ni lára àwọn tí wọn ò ké sí. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ bíńtín ni. Ìkejì ni ERSPC, tó kan ọkùnrin 162,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ nílẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn yẹn sì ń pàdà wá ṣe é. Èsì ọdún 23 rẹ̀ jáde ní October 2025: ikú dín kù ní ìdá 13 nínú 100. Bí a bá ké sí ọkùnrin 456, a ó gba ẹ̀mí ẹnì kan là. Àwọn tó fẹ́ àyẹ̀wò á ní ẹ ò rí i pé ó ń gba ẹ̀mí là. Àwọn tí kò fẹ́ á ní kí la fẹ́ sọ fún 455 tó kù? Ìwé kan náà ni ìhà méjèèjì ń kà.

## Ṣé òótọ́ ni pé ewu aláwọ̀ dúdú ju ti ẹlòmíì lọ?

Òótọ́ ni, ìgbìmọ̀ gan-an ò sì jiyàn rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn olùwádìí kan ṣe lórí àkọsílẹ̀ England láàárín 2008 sí 2010 fi hàn pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú mẹ́rin ni wọ́n máa rí jẹjẹrẹ prostate lára rẹ̀ láyé rẹ̀. Tàwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́jọ. Ní ti ikú, ẹnì kan nínú 12 ni ó ń pa lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹnì kan nínú 24 lára àwọn aláwọ̀ funfun.

Apá kan nínú ìṣirò yẹn kì í sábà dé etí aráàlú. Bí wọ́n bá ti rí àìsàn náà lára èèyàn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń pa, yálà aláwọ̀ dúdú ni tàbí aláwọ̀ funfun. Ìyẹn ni pé àìsàn náà wọ́pọ̀ lára wa ní ìlọ́po méjì, àmọ́ kò jọ pé ó ń yára pa wá ju ẹlòmíì lọ bó bá ti dé. Yunifásítì Exeter náà wo àkọsílẹ̀ ọkùnrin tó lé ní 700,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024. Lára àwọn tí PSA wọn ga, nǹkan bí 25 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn láàárín ọdún kan, 20 nínú 100 aláwọ̀ funfun. Àmọ́ tí wọ́n bá wo kìkì èyí tó ti burú, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Jíìnì wà lára ohun tó fà á. Láti 2006 ni wọ́n ti mọ̀ pé apá kan lórí krómósómù kẹjọ, tí wọ́n ń pè ní 8q24, ní oríṣi DNA tó ń fi kún ewu yìí, tí àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ pé lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà nìkan ni wọ́n sábà ti ń rí i. Àmọ́ jíìnì nìkan ò lè ru gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà.

## Kí ló dé tí wọ́n wá fi wọ́n sílẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Gbogbo èèyàn gbà pé ewu ga. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń béèrè yàtọ̀: bí a bá ké sí gbogbo aláwọ̀ dúdú wá, ṣé àǹfààní rẹ̀ máa ju ìpalára rẹ̀ lọ?

Láti dáhùn, ó yẹ kí wọ́n mọ ọjọ́ orí tí jẹjẹrẹ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, bó ṣe ń yára dàgbà tó, àti iye rẹ̀ tí kò ní ṣe onítọ̀hún ní nǹkan kan títí tó fi kú. Ọ̀nà méjì ló lè gbà já sí. Bí ìlọ́po méjì yẹn bá jẹ́ kìkì èyí tó ń pani, àyẹ̀wò á gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Bó bá sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń sùn, á jẹ́ pé ìlọ́po méjì ọkùnrin ni wọ́n máa gbé lọ sábẹ́ ọ̀bẹ láìnídìí. CAP àti ERSPC ló yẹ kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, àmọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú wọn kéré jọjọ. Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀rí ò tó.

Ìdí kejì ò le láti lóye. Àléébù inú BRCA ṣeé wọ̀n: ó wà tàbí kò sí. "Aláwọ̀ dúdú" kì í ṣe jíìnì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Peckham, ọmọ Jàmáíkà ní Birmingham àti ọmọ Sòmálíà ní Cardiff, orí fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti jọ wà lójú kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín DNA àwọn ará Áfíríkà fúnra wọn ju èyí tó wà láàárín àwọn èèyàn ibikíbi láyé lọ.

## Kí làwọn tó ta kò ó ń sọ?

Àjọ Prostate Cancer UK sọ pé àbá náà já àwọn kulẹ̀ gan-an. Àlàyé àkọ́kọ́ tí ìhà wọn ń ṣe ni pé ìpalára tí ìgbìmọ̀ ń kà jẹ́ ti àtijọ́. Nígbà kan, ẹni tí PSA rẹ̀ bá ga, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa kì bọ ihò ìdí rẹ̀ láti gé ẹran lára prostate, kòkòrò sì máa ń bá a wọlé. Láti ìgbà tí èsì ìwádìí PROMIS ti jáde ní 2017 àti PRECISION ní 2018, MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ò ní débi abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn tó bá sì débẹ̀, awọ ara ni wọ́n ń gbà kọjá báyìí. Àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò le, wọ́n ń ṣọ́ wọn ni.

Èyí tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ń yí po lójú kan: wọn ò fi aláwọ̀ dúdú sínú ìwádìí, wọ́n wá ń sọ pé nítorí pé kò sí ìwádìí, kò sí àyẹ̀wò. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ìgbìmọ̀ ń fèsì pé ewu tó ga kò tó láti fi gé ẹran ara èèyàn. Wọ́n ní bí ẹ̀rí ò bá tó, ẹ jẹ́ ká lọ wá a.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ìwádìí kan náà ni wọ́n ń kà, ìmọ̀ràn ti yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2012, USPSTF, ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò níbẹ̀, ní kí wọ́n má fi PSA yẹ ọkùnrin kankan wò tí kò bá ní àmì àìsàn. Ní 2018 wọ́n ní kí ẹni ọdún 55 sí 69 bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kó fúnra rẹ̀ pinnu. Ní 2024, Prostate Cancer Foundation ibẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ṣe PSA àkọ́kọ́ láàárín ọdún 40 sí 45.

## Àyẹ̀wò itọ́ ẹnu tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́?

BRCA jẹ́ jíìnì kan tó ní ipa ńlá. Àyẹ̀wò itọ́ ń wo ọ̀pọ̀ ibi kéékèèké nínú DNA, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan, tí wọ́n wá ń ṣírò wọn pọ̀ di máàkì kan. Nínú ìwádìí BARCODE1, tí èsì rẹ̀ jáde ní April 2025, wọ́n ṣírò máàkì yìí láti ibi 130 fún ọkùnrin 6,393 tó wà láàárín ọdún 55 sí 69. Àwọn tí máàkì wọn wà lára ìdá 10 nínú 100 tó ga jù ni wọ́n ní kó wá ṣe MRI kí wọ́n sì gé ẹran wò. Àwọn 468 ló gbà. Wọ́n rí jẹjẹrẹ lára 187, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó nílò àbójútó gidi. Ọ̀nà PSA àti MRI tí UK ń lò kò bá má rí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àmọ́ àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù nìkan ló wà nínú ìwádìí náà. Máàkì tí wọ́n fi DNA àwọn yẹn kọ́ kì í péye tó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Iṣẹ́ ti ń lọ lórí ìyẹn: ìwádìí ọdún 2023 kan tó kó onírúurú ẹ̀yà pọ̀ ti gbé iye ibi tí wọ́n mọ̀ dé 451, ẹgbẹ́ MADCaP sì ń kó DNA jọ láti ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn.

## Nílé ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà dá yàtọ̀. Kò sí lẹ́tà ìjọba tó ń pe ẹnikẹ́ni. Owó àpò ẹni lèèyàn fi ń ṣe PSA ní ilé àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ bàbá ni kì í sì dé ilé ìwòsàn àfìgbà tí àìsàn náà bá ti wọ egungun ẹ̀yìn. MRI ò pọ̀, ó sì wọ́n. Ewu kéèyàn rí jẹjẹrẹ tí kò ní pa á kọ́ ló wà lókè níbẹ̀.

## Ọkùnrin tó wà ní UK, kí ló lè béèrè fún báyìí?

Ẹni tó bá ti pé 50 lè ní kí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, ṣe PSA fún òun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ sọ àǹfààní àti ìpalára rẹ̀. Àwọn GP kì í sábà fúnra wọn dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Prostate Cancer UK ní kí aláwọ̀ dúdú ti bá GP sọ ọ́ láti 45. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú, ti ilé ẹyin tàbí ti prostate bá pọ̀ nínú ìdílé rẹ̀, kó sọ ọ́ fún GP, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà àyẹ̀wò BRCA ti ń ṣí.

Ìwádìí tí wọ́n ń retí ni TRANSFORM, tí wọ́n ná £42 mílíọ̀nù lé lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí àwọn èèyàn ní November 2025, ó sì lè kan ọkùnrin tó tó 300,000. PSA, MRI tó yára àti àyẹ̀wò itọ́ ni wọ́n ń fi wéra níbẹ̀. Ẹni ọdún 50 sí 74 ni wọ́n ń mú, àmọ́ láti 45 ni fún aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ní ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí àwọn bá ké sí gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èèyàn ò lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ GP ni wọ́n ti ń ṣa orúkọ, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń pè, nítorí náà ẹni tó bá ti kó kúrò ní ilé tí GP rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí, lẹ́tà náà ò ní bá a.